Á Gba Ibi Ire

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
èékánná mi dúdú fún aró, mo ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú ẹ̀fọ́.
Mo ní, "Ẹ wá jẹun o,"
bí a ṣe ń wí i fún ẹni tí a mọ̀ pé kò ní í jẹ.
Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó fa àpótí,
ó jókòó,
ó ki ọwọ́ bọ abọ́ mi.

Ọwọ́ òsì ni, ẹ gbà mí!
Ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, báàjì dúdú láyà,
táì so mọ́ ọn lọ́rùn bí okùn àgbò Iléyá.
Ètím, ẹnìkejì rẹ̀, ọmọ Kàlàbá ni,
òun náà ò gbédè wa, kò mọ ohun tó yẹ kó sọ.

Ó ní Rodẹ́lì lòun ń jẹ́, láti Filipíìnì.
Níbo nìyẹn? Ó fìka ya ilẹ̀:
omi, erékùṣù, omi, erékùṣù.
Mo ní, Màléṣíà ńkọ́?
Ó fìka kan ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Òkun kan ṣoṣo ló wà láàárín.
Múfútáù ọmọ mi wà ní Màléṣíà, ọdún keje rè é.
Mi ò sọ fún un. Mo kàn fi ẹ̀kọ kan kún un ni.

Mùsùlùmí ni mí, mo sì wí fún un lọ́jọ́ náà:
ìwé rẹ dáa, bébà rẹ̀ ń dán,
ṣùgbọ́n àlàásárì ń pè mí.
Ó mi orí. Ó ní kóun bá mi pọnmi.

Ó ń bá mi gbé ìkòkò, mò ń bá a tún ọwọ́ ṣe.
Mo ní, dọ̀bálẹ̀,
má nawọ́ sí àgbà bí ẹni ń gba owó.
Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Lèmọ́mù,
ó dọ̀bálẹ̀ fún ọlọ́kadà,
ó dọ̀bálẹ̀ fún Kúburátù, ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ta omi inú ọ̀rá.
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú oòrùn.
Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tí a kì í kí,
ó kí ewúrẹ́ wa: "Ẹ kú ìrìn."
Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wò mí lójú pẹ́,
ó ní, "Màmá, ẹ kú àìsùn."
Ta ló sọ fún un?
Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni Múfútáù ò tíì pè.
Mo yíjú sí ìkòkò, mo ní èéfín ni.

Aró ta sí i lápá aṣọ, ó tó ojú ẹyẹlé.
A fọ ọ́, ó kọ̀. Ètím gbo ó títí aṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya.
Mo ní, ẹ fi í sílẹ̀,
ṣé ẹ ò mọ ìlú tí ẹ wà ni?

Mo ti ra abọ́ kejì ní ọjà Igbónà nígbà yẹn,
èyí tó ní òdòdó pupa létí.

Ọjọ́ Àlàmísì kan báyìí, lẹ́yìn òjò, wọ́n dé.
Ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀.
Ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba omi.
Mo ní, "Ẹ wá jẹun o."
Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ohùn rẹ̀ já geere bí ohùn ọmọ Òṣogbo:
"Á gba ibi ire, Màmá."

Ẹnì kan ti kọ́ ọ.
Ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín.
Mo yìn ín. Mo ní, o káre, o ti di ọmọ wa.
Abọ́ olódòdó wà lẹ́yìn mi, mo ti bu ẹ̀fọ́ sí i;
mo fi ìdérí bò ó kó má baà rí i.

Wọ́n lọ tán, mi ò lè jẹun.
Mo ní, Ọlọ́run,
bí ẹnikẹ́ni lọ́hùn-ún bá sọ fún Múfútáù pé kó wá jẹun,
jẹ́ kó jókòó.